Ìdí tí Ogun Kírìjí fi Bẹ́ Sílẹ̀, àti Ìdí tí Kò fi Tètè Parí

Bí ènìyàn bá bèèrè ní Òkè-Ìmẹ̀sí pé kí ni ó fa Ogun Kírìjí, Fábùnmi ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Wọn yóò ròyìn bí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú náà ṣe fi ìwọ̀sí lọ obìnrin Fábùnmi, tí Fábùnmi sì pa á ní 1878. Bí ó bá bèèrè ní Iléṣà, wọn yóò sọ ti ọdún 1870, nígbà tí Ìbàdàn kó ìlú náà, tí ó sì fi iná sí i. Bí ó bá dé Ìbàdàn, wọn yóò rán an létí pé àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ni ó dá ẹṣin Ìlọrin dúró ní ẹsẹ̀ odi Òṣogbo, àti pé bí kò bá sí tiwọn ni, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ẹṣin náà ìbá mu omi dé. Bí ó bá sì ṣí ìwé àwọn òyìnbó tí ó ṣe ìjọba ní Èkó nígbà náà, yóò kà níbẹ̀ pé àwọn Yorùbá fẹ́ràn ogun, pé ẹrú ni wọ́n ń wá.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí tí ó jẹ́ irọ́ pátápátá, àfi bóyá èyí tí ó gbẹ̀yìn, tí ó mú ìdámẹ́rin òtítọ́ tí ó sì pè é ní odidi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà kọ́ ni gbogbo wọn ń dáhùn. Òmíràn ń sọ ẹni tí ó ṣá iná, òmíràn ń sọ ẹni tí ó kó igi jọ, òmíràn sì ń sọ ìdí tí igi náà fi gbẹ. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, 1914, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ń pè ní Gavrilo Princip yin ìbọn pa àrólé ọba Austria ní ìlú Sarajevo, kò sì pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí gbogbo Yúróòpù fi wọ ogun. Àwọn òpìtàn Yúróòpù kò jókòó sórí Princip nìkan láti ọjọ́ náà. Wọ́n wo àdéhùn ìkọ̀kọ̀ àwọn ìjọba, wọ́n wo ìdíje ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wo ìbẹ̀rù tí Jámánì ní sí Rọ́ṣíà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú àròkọ yìí kò ju pé kí àwa náà má ṣe jókòó sórí Fábùnmi nìkan.

Mo tún ní ìdí mìíràn tí mo fi gbé kókó yìí yẹ̀ wò. Nígbà tí mo wà ní òkè òkun tí mo ń kọ́ nípa ohun tí ó ń mú kí orílẹ̀-èdè kọlu orílẹ̀-èdè, Áténì àti Sparta ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ láàárọ̀, Jámánì àti Faransé lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tí ó rò pé àpẹẹrẹ kan lè wà láàárín Òṣogbo àti Iléṣà. Bẹ́ẹ̀ ni, lójú tèmi, àpẹẹrẹ Kírìjí hàn kedere ju púpọ̀ nínú wọn lọ, nítorí pé àwọn tí ó jà á kò ní ọba kan ṣoṣo lórí wọn, wọ́n ní àdéhùn, wọ́n ní ikọ̀ àti ońṣẹ́, wọ́n ní ọ̀nà ọjà tí a lè ṣí tàbí dí, wọ́n sì ní ìbọn tí ó ti ìlú òyìnbó wá. Èyí kọjá ìjà ará ilé. Ogun láàárín ìlú tí ó dá dúró ni.

Kenneth Waltz, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1959 nínú èyí tí ó ti sọ pé ibi mẹ́ta ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wá okùnfà ogun: nínú ọkàn ènìyàn, nínú bí a ti ṣe to ìlú, àti nínú àìsí aláṣẹ kankan tí ó ga ju àwọn ìlú lọ tí ó lè dá wọn lẹ́jọ́. Ọkàn ènìyàn kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Ààrẹ Látòósà le, ó sì fẹ́ orúkọ, Fábùnmi gbóná, Ògèdèǹgbé kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n irú wọn wà ní gbogbo ìgbà, ogun kì í sì í wà ní gbogbo ìgbà. Àwọn ibi méjì yòókù ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, ní nǹkan bí 1836, ohun tí ó wó lulẹ̀ ju ààfin àti odi lọ. Ilé náà di ilé tí kò ní baálé. Kì í ṣe pé Aláàfin ti jọba lórí gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Yorùbá lónìí rí. Ìjẹ̀ṣà kò sìn ín, Èkìtì náà kò sì sìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀yọ́ lágbára, olúkúlùkù mọ ibi tí ààlà wà, ó sì mọ ẹni tí yóò bá jà bí ó bá rú u. Lẹ́yìn náà, Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí gúúsù, àwọn ìlú kéékèèké ń tú, àwọn tí ogun lé ń ya wọ ìlú tí ó bá gbà wọ́n.

Òṣogbo jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ti wá tẹ̀ ẹ́ dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Ẹnubodè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Nígbà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ìlú náà di ti gbogbo wọn, ó sì di ohun tí Ìlọrin fẹ́ gbà, nítorí pé ẹni tí ó bá di Òṣogbo mú ti di ìlẹ̀kùn ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ti ìsàlẹ̀ mú. Ní nǹkan bí 1840, Ìlọrin dó ti ìlú náà. Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sì rán àwọn ọmọ ogun tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ ṣáájú wọn. Òru ni wọ́n kọlu àgọ́ Ìlọrin, nígbà tí ẹṣin kò lè ṣe iṣẹ́ ẹṣin. Ìlọrin fọ́n ká, kò sì tún lágbára láti gba ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí pẹ̀lú mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ogun Òṣogbo jẹ́ ogun ìgbàlà, n kò sì rí ìdí kankan tí a fi lè bu Ìbàdàn kù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàlà náà gan-an ni ó bí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹkùn lóru, tí ilẹ̀ mọ́ tí kò sì padà sí ilé rẹ̀, kí ni o lè pè é? Bí Ìbàdàn bá padà lẹ́yìn, Ìlọrin yóò tún dé. Bí kò bá padà lẹ́yìn, ó ní láti jẹun. Báyìí ni ààbò ṣe di ìṣákọ́lẹ̀, tí ońṣẹ́ sì di ajẹ́lẹ̀. Láti Òṣogbo ó kan Ìkìrun, láti Ìkìrun ó kan àwọn ìlú Èkìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí ó fi kan Iléṣà fúnra rẹ̀ ní 1870. Ní gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, Ìbàdàn lè wí, kì í sì í ṣe irọ́ lójú ara rẹ̀, pé ibi tí òun ti gbà tẹ́lẹ̀ ni òun ń dáàbò bò. Àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ kò rí ààbò. Ẹni tí ń bọ̀ ni wọ́n rí. Èyí ni ìṣòro tí àwọn olùkọ́ ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè ń sọ lọ́jọ́ òní: ohun tí mo ṣe kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni ó gba ìbàlẹ̀ ọkàn lọ́wọ́ aládùúgbò mi.

Bí a ti ṣe to Ìbàdàn pàápàá tún fi epo sí iná náà. Ìlú tí a kò fi ìran jọba ni. Ojú ogun ni oyè ti ń wá. Ìjòyè tí ó bá fẹ́ gòkè ní láti ní ọmọ ogun lẹ́yìn, ọmọ ogun sì fẹ́ oúnjẹ, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù. Oko ńlá tí ẹrú ń ro ni ó ń bọ́ wọn, ẹrú náà sì ń ti ojú ogun wá. Nítorí náà, bí ọdún méjì mẹ́ta bá kọjá láìsí ogun, ilé ìjòyè ń gbẹ. A kò gbọdọ̀ fi èyí sọ pé Ìbàdàn nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ògèdèǹgbé ti gbé láàárín àwọn jagunjagun Ìbàdàn rí, ó mọ ọgbọ́n wọn, ó sì ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ tí wọ́n ń retí ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ajẹ́lẹ̀ ní tiwọn kò ní owó oṣù. Ara ìlú tí a rán wọn sí ni wọ́n ti ń jẹ. Ìwà ìbàjẹ́ tí Fábùnmi gbẹ̀san rẹ̀ wá láti inú ètò náà, kì í ṣe ìwà ènìyàn búburú kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ọdún púpọ̀ ni Èkìtì fi gba ajẹ́lẹ̀ mọ́ra. Èéṣe tí ó fi jẹ́ ní 1878 ni wọ́n dìde? Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ẹ̀tù ni. Ìbàdàn kò ní etí òkun. Ọwọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ìbọn àti iyọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọ iye tí ẹnubodè wọn tó. Ọ̀nà kan tún wà ní ìlà oòrùn, èyí tí ó gba Òǹdó, tí ìjọba Èkó ṣí ní nǹkan bí 1872, ṣùgbọ́n ó jìn. Ní 1877, Látòósà ránṣẹ́ lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbá dá àwọn ońṣẹ́ náà lọ́nà. Ní ìparí oṣù Keje ọdún náà, Ìbàdàn wọ inú oko Ẹ̀gbá. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà, Ìjẹ̀bú sì ti tiwọn. Àwọn ìlú Èkìtì ń wò. Wọ́n rí i pé ẹni tí ń jẹ gàba lé wọn lórí ti ní ọ̀tá ní ìhà gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, pé Ìlọrin ṣì wà ní àríwá, àti pé ẹ̀tù rẹ̀ ń tán lọ. Ìbínú ti wà tipẹ́. Àyè ni kò sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ajẹ́lẹ̀ kan dà sílẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, àwọn ìlú mìíràn pa tiwọn, tàbí wọ́n lé e jáde. Báyìí ni Èkìtì Parapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, tí Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbómìnà àti Àkókó fi mulẹ̀ pọ̀, tí Ìlọrin, ọ̀tá àná, sì di alábàáṣepọ̀ wọn.

Ìbàdàn náà kò lè gbójú fo ó. Bí ó bá jẹ́ kí ìlú kan ṣoṣo lọ, kí ni yóò sọ fún èkejì? Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n bá ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pàdé nítòsí Ìkìrun, ó sì ṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá ni odò Ọ̀tìn gbé lọ, nítorí èyí ni a ṣe ń pè é ní Ogun Jálumi. Bí ogun bá jẹ́ ohun tí ìṣẹ́gun kan ń parí, Jálumi ìbá ti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi dìde kò bá òkú lọ sínú omi. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun méjèèjì tún fi kojú ara wọn ní àárín òkè láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì jókòó sí. Ògèdèǹgbé wá di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tí a ti tà lẹ́rú rí tàbí ọmọ irú wọn, dá owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ gba ọ̀nà Òǹdó. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàárín òkè wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn gbọ́ bí “kírìjí”. Ìbọn titun náà kò dá ogun sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ẹni tí ì bá tètè ṣẹ́gun má lè ṣẹ́gun mọ́. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, láìrí òpin rẹ̀.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi jù. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, 1886, lẹ́yìn tí àlùfáà Samuel Johnson àti àlùfáà Charles Phillips ti rìn láàárín àwọn méjèèjì títí tí ó fi sú wọn, a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Èkó, níwájú Gómìnà Moloney. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira wọn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kó jáde. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, a kéde àlàáfíà ní ojú ogun gan-an. Gbogbo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jà ni ìwé náà ti yanjú tán, tàbí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò lọ sí ilé. Ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ ni wọ́n tún fi wà ní ibùdó, títí di oṣù Kẹta, 1893, nígbà tí Gómìnà Carter fúnra rẹ̀ wá tú wọn ká.

Èéṣe? Àwọn kan sọ pé àwọn ológun ti gbàgbé iṣẹ́ oko. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n kò tó. Ìlọrin kò sí nínú àlàáfíà náà. Òun àti Ìbàdàn ṣì ń jà ní Ọ̀fà, Ìlọrin sì gba ìlú náà ní 1887. Èkìtì Parapọ̀ kò lè fi Ìlọrin sílẹ̀ láìda ọ̀rẹ́. Ìbàdàn kò lè kúrò ní Ìgbájọ láìbẹ̀rù pé bí òun bá ti yí ẹ̀yìn padà, Ìlọrin àti Ìjẹ̀ṣà yóò pàdé ní ẹ̀yìn òun. Olúkúlùkù gbà láti lọ, bí ẹnìkejì bá kọ́kọ́ lọ. James Fearon, ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, kọ ọ́ ní 1995 pé àwọn ìjọba tí ó mọ̀ dáadáa pé ogun ń ná wọn ní ohun púpọ̀ tún lè máa jà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú ṣèlérí pé òun kò ní lo agbára òun lọ́la. Bí ó bá mọ ìtàn Ìgbájọ, ìbá má wá àpẹẹrẹ jìnnà.

Ohun tí Carter mú wá ní 1893 tí Johnson àti Phillips kò ní ni ọmọ ogun. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn ṣẹ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, gbogbo ilẹ̀ sì ti gbọ́. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dúró ní àárín, ẹni tí ó kọ́kọ́ tú àgọ́ rẹ̀ kò ní bẹ̀rù mọ́. Ṣùgbọ́n a gbọdọ̀ sọ iye tí a san. Kì í ṣe ìfẹ́ àwọn tí ń kú ní Ìmẹ̀sí ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ọjà Èkó ń jìyà nítorí ọ̀nà tí ó dí, Faransé sì ń gòkè bọ̀ láti Dàhómì. Nínú ọdún kan náà, Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì. Òmìnira tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi ọdún mẹ́rìndínlógún wá kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìwé àdéhùn tí kò ní onígbọ̀wọ́ kò tíì tán láyé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, 1994, ní ìlú Budapest, Ukraine gbà láti kó àwọn ohun ìjà runlérùnnà tí ó wà ní ilẹ̀ rẹ̀ kúrò. Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà rẹ̀. Ìwé náà kò sọ ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí ó bá rú u. Rọ́ṣíà gba Crimea ní 2014, ó sì wọ Ukraine ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì, 2022. Wo Bakassi ní ìdàkejì rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dá ẹjọ́ rẹ̀ ní 2002, Nàìjíríà àti Cameroon fọwọ́ sí àdéhùn ní Greentree ní 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn orílẹ̀-èdè alágbára mẹ́rin sì ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò fẹ́ ẹ, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò sì gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2008 a fà á lé Cameroon lọ́wọ́, àwọn ìjọba méjèèjì kò sì bá ara wọn jagun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé 1886 tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fò. Kò sí bí òpìtàn kan ṣe lè gbé Kírìjí yẹ̀ wò láìka Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ojú Ọ̀yọ́ ni ó sì fi ń wo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a fi ìwé Akíntóyè, ọmọ Èkìtì, tí ó jáde ní 1971, lé e lórí, kí a kà wọ́n pọ̀. Bí a bá kà wọ́n pọ̀, ìlà kan yóò dúró sí wa lójú. Ìwé àlàáfíà náà pàṣẹ pé kí Modákẹ́kẹ́, ibùdó àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá sí ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ifẹ̀, ṣí kúrò lórí ilẹ̀ tí ó wà, kí ó lọ dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Ifẹ̀ mú àṣẹ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Modákẹ́kẹ́ kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó ṣe ìlérí kankan. A kò sì sọ ẹni tí yóò ṣí wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí wọn ní 1909. Wọ́n ti padà sí ibẹ̀ ní 1922. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú méjèèjì ní 1981, àti láti 1997 títí di 2000, lórí ilẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀, àti ibi tí a ó fi olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Ogun Kírìjí ti parí ní 1893, láti Ìgbájọ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, kí ó sì tó dáhùn, kí ó dé Modákẹ́kẹ́.